Ẹni Tí Kì Í Ṣe Olùkọ́: Ẹ̀tọ́ àti Iṣẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Agbègbè Eléko

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òṣìṣẹ́ wà ní oòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni a máa ń rántí. A ń kọ̀wé lórí èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ, lórí ìwé kíkà àti lórí ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó dé ní òwúrọ̀, ẹnì kan ti ṣí géètì, ẹnì kan ti gbá kíláàsì, ẹnì kan ti gbé ìkòkò ka iná, ẹnì kan sì ti fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ kéékèèké láti ojú ọ̀nà wá. Àwọn ẹni wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé: bí iṣẹ́ wọn ti ń yí padà, ohun tí òfin ilẹ̀ wa sọ nípa ẹ̀tọ́ wọn, àti ìdí tí ẹ̀tọ́ náà kì í fi í tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Agbègbè Eléko ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé wa wà, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń bá irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà ìsinmi.

Eléko àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀

Eléko wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Iṣẹ́ ẹja pípa, iṣẹ́ oko àti àgbọn ni a mọ̀ mọ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ayé ti yí padà. Wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kì ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Ilẹ̀ di ohun tí a ń tà ní pílọ́ọ̀tì, ẹ́sítéètì sì dìde ní ibi tí igbó àgbọn wà. Níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ọmọ yóò pọ̀, níbi tí ọmọ bá sì pọ̀ sí, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni yóò pọ̀. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ilé gbígbé tí a kun ní ọ̀dà tuntun, tí a sì gbé pátákó kọ́ sí iwájú rẹ̀.

Ta ni ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí yàtọ̀ sí olùkọ́? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò tí ó wá iṣẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ náà wà nínú wọn. Mo mọ bàbá kan tí ó ń ṣọ́ géètì ilé-ẹ̀kọ́ kan lórí ilẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ ti dáko rí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí ó ti wà ní ibẹ̀, kò sì ní ìwé kan ṣoṣo tí ó fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè gbọ́dọ̀ fi etí sí ohun tí a ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Ní ẹnu ọ̀nà, a ní ọlọ́dẹ tàbí mégáàdì. Nínú ọ́fíìsì, a ní akọ̀wé àti mẹ́síńjà. Nínú ilé ìdáná, a ní alásè tàbí kúùkù. A ní dẹ́rẹ́bà, a ní agbálẹ̀, a sì ní àǹtí tí ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kálukú wọn ní orúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ kó gbogbo wọn pọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan, ohun tí a máa ń sọ ni pé wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́. Ohun tí wọn kì í ṣe ni a fi sọ wọ́n lórúkọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn pàápàá, NASU, tí a dá sílẹ̀ nígbà tí ìjọba ológun tún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò ní ọdún 1978, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí a kò bá dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí a kò lè gbé lé e lórí. Lónìí yóò gbálẹ̀, lọ́la yóò pọn omi, ní ọ̀túnla yóò dúró ti kíláàsì tí olùkọ́ rẹ̀ kò wá.

Bí iṣẹ́ wọn ti ń yí padà

Ní ayé àwọn òbí wa, lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ni wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń fi àdá gé koríko. Òbí tí ó ń san owó ńlá lónìí kò ní fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun di àdá mú. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ogójì ọmọ ń pín ṣe ti di ti ẹnì kan tàbí ẹni méjì.

Ẹ wo ọlọ́dẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ju kí ó ṣí géètì, kí ó tì í, kí ó sì lu agogo. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn ajínigbé wọ Babington Macaulay Junior Seminary ní Ìkòròdú, wọ́n sì jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n wọ Lagos State Model College ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ní ojú ọ̀nà tiwa yìí, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n tún padà wá sí ibẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà lọ, àwọn ọmọ náà sì lò ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ojú tí òbí fi ń wo géètì ti yàtọ̀. Ọlọ́dẹ ní láti mọ ojú gbogbo òbí, kí ó kọ orúkọ àlejò sílẹ̀, kí ó mọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti mú ọmọ lọ sílé. Bí ìjàǹbá bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ bá a pàdé, pẹ̀lú pàṣán tàbí fèrè lọ́wọ́. Iṣẹ́ ti di iṣẹ́ ẹ̀mí, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ṣì jẹ́ ti agogo lílù.

Ẹ wo àǹtí. Wọ́n gbà á láti máa wẹ ọmọ, kí ó máa fún wọn ní oúnjẹ. Nígbà tí olùkọ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín sáà, òun ni yóò máa kọ́ wọn ní A-B-D, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Kò sí nínú ìwé àwọn olùkọ́ tí TRCN ń forúkọ wọn sílẹ̀ láti inú òfin ọdún 1993, kò sì gba owó olùkọ́. Akọ̀wé tí ó ń fi táípù tẹ ìwé nígbà kan ti di ẹni tí ń yẹ owó wò nínú báǹkì lórí fóònù, tí ó sì ń dá àwọn òbí lóhùn títí di alẹ́. Agbálẹ̀ náà rí tirẹ̀: nígbà tí wọ́n tún ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ní ọdún 2020 lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti tì í pa, òun ni ó di ẹni tí ń fi oògùn nu ìjókòó, tí ń pọn omi ìfọwọ́ kún garawa ní ẹnu ọ̀nà.

Ní ọdún 2016 kan náà, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí àṣẹ kan lórí ààbò ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àṣẹ náà kò mọ ní ọ̀dọ̀ olùkọ́ nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bá ọmọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ń fi ìyà jẹ ọmọ. Alásè àti dẹ́rẹ́bà wà nínú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojúṣe bá ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí ẹ̀tọ́ tẹ̀lé e.

Ohun tí òfin sọ

Òfin kan wà tí a ń pè ní Òfin Iṣẹ́. Ìjọba ológun ni ó gbé e jáde ní ọdún 1974, ó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2004. Ẹni tí òfin yìí pè ní òṣìṣẹ́ ni ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ó yọ àwọn alákòóso àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìmọ̀ gíga kúrò. Ẹ kíyè sí i: ọlọ́dẹ, agbálẹ̀, alásè, dẹ́rẹ́bà àti akọ̀wé wà ní abẹ́ ààbò òfin náà láìsí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè má sí níbẹ̀. Ẹni tí a rò pé ó kéré jù ní ilé-ẹ̀kọ́ ni òfin náà dárúkọ. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Kí ni ẹ̀tọ́ wọ̀nyí? N ó ka èyí tí ó kan ilé-ẹ̀kọ́ jù lọ.

Èkíní ni ìwé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ orúkọ agbanisíṣẹ́, irú iṣẹ́ náà, iye owó àti ìgbà tí a óò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí a óò fi ṣe ìkìlọ̀ kí iṣẹ́ tó parí.

Èkejì ni ìkìlọ̀. Ẹni tí kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ 1 ni tirẹ̀. Ẹni tí ó lò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Ẹni tí ó ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé ọdún 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tí ó ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 1. Bàbá ọlọ́dẹ tí mo mẹ́nu kàn lókè, oṣù kan gbáko ni ó tọ́ sí i, nínú ìwé. A kò lè sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé kí ó má wá ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀kẹta ni ìsinmi. Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọjọ́ méje tí òṣìṣẹ́ yóò sinmi. Bí ó bá ti lo oṣù 12, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Bí ara rẹ̀ kò bá yá tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ó lè gba owó fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún. Obìnrin tí ó fẹ́ bímọ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì ní àkókò náà. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ ní ọmú.

Ẹ̀kẹrin ni owó gígé. Àwo fọ́, wọ́n gé owó alásè. Ó pẹ́ dé, wọ́n gé owó agbálẹ̀. Òfin kò fún agbanisíṣẹ́ ní àyè láti máa bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí ó fi ojú fo iṣẹ́ rẹ̀ tí òfò sì ṣẹlẹ̀, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé fọwọ́ sí i kí a tó yọ kọ́bọ̀ kan.

Ẹ̀karùn-ún ni ìjàǹbá. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí NSITF ń mójú tó. Bí òṣìṣẹ́ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ní ojú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́, inú àpò náà ni a ó ti tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀kadà àti ọkọ̀ àjàgbé ṣe ń já ara wọn gbà ní oríta Eléko ní òwúrọ̀ yóò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe kékeré.

Ibi tí òfin ti lábùkù

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òfin ti yanjú ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a wo owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Ní ọdún 1981, ₦125 ni. Ó di ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019, àti ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 tí a gbé owó yìí lé yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kúrò. Ẹ ka àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní àdúgbò wa: olùkọ́ mẹ́jọ, àǹtí mẹ́ta, agbálẹ̀ kan, ọlọ́dẹ kan, akọ̀wé kan. Wọn kò tó. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 náà kò fi dandan lé ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 15.

Ìṣòro kejì ni ti agbaṣẹ́ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kì í fẹ́ gba ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Yóò fi iṣẹ́ náà lé ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, èyí yóò sì kó ènìyàn wá. Bí owó kò bá wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní òun ti san, ilé-iṣẹ́ yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì san. Òṣìṣẹ́ wà láàárín. Ìdí nìyí tí ìwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi ṣe pàtàkì: ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí ó jẹ́ agbanisíṣẹ́.

Ìṣòro kẹta ni ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í rí owó gbà, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́dẹ kì í sì í lọ sílé. Òfin sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá wà ní sẹpẹ́ tí agbanisíṣẹ́ kò fún un ní iṣẹ́, owó ọjọ́ náà tọ́ sí i, àyàfi bí pàjáwìrì bá dé. Níbi tí kò ti sí ìwé àdéhùn, ta ni yóò sọ bóyá àdéhùn náà jẹ́ ti oṣù mẹ́sàn-án tàbí ti oṣù méjìlá?

“Ẹbí kan ni wá níbí”

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í fi í béèrè ìwé. Ìdí kìíní ni àìmọ̀. Mo kí ìyá kan tí ó ń gbálẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ṣé wọ́n fún yín ní ìwé nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwé kẹ̀? Ọmọ mi, ta ni yóò kà á fún mi?” Inú ọgbà tí ogún ènìyàn ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ni ó ti dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì jẹ mọ́ èdè wa. Ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ń pe agbálẹ̀ ní “Ìyá”, agbálẹ̀ ń pè é ní “Mọ́mì” bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bí i lọ́mọ. Bí ọ̀rọ̀ owó bá dé, a ó gbọ́ pé, “Ẹbí kan ni wá níbí. Ṣé a ó máa kọ ìwé láàárín ọmọ ìyá?” Ojú yóò sì ti òṣìṣẹ́. Bí ó bá tún sọ̀rọ̀, yóò di aláìmoore. Ọ̀wọ̀ dára, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí Òfin Iṣẹ́ yọ kúrò nínú ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ ni ìbátan agbanisíṣẹ́. Bí agbálẹ̀ bá jẹ́ ẹbí ní tòótọ́, kò ní ààbò òfin náà. Bí kò bá sì jẹ́ ẹbí, kí wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀. Kò yẹ kí a fi ẹbí gé e lówó, kí a sì fi àjèjì lé e lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé àdéhùn jẹ́ àṣà òyìnbó. N kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀fà. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Onígbọ̀wọ́ wà, iye owó tí a yá jẹ́ mímọ̀, ìwọ̀n iṣẹ́ jẹ́ mímọ̀, ìwọ̀fà sì ní àkókò tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ètò náà ní ìnira tirẹ̀, n kò sì sọ pé kí a padà sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa tí kò mọ ìwé kò gbà kí iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn wà láìní òdiwọ̀n àti ẹlẹ́rìí. Àáró àti ọ̀wẹ̀ náà ní ìlànà: ẹni tí a bá ro oko rẹ̀ lónìí mọ ọjọ́ tí òun náà yóò ro ti ẹnìkejì.

Àwọn tí ó wà ní òkè òkun

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn kan ní ọdún 2003 tí ó gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì gbà á ṣe. Iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i níbẹ̀ náà. Òfin ọdún 2009 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa jíròrò lórí owó wọn, òfin ọdún 2011 tú u ká, ìjọba sì gbé àbá lọ sí Ilé Aṣòfin ní 2024 láti dá a padà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ tí òfin gbé kalẹ̀, òfin lè gbé e lọ, bí àwọn tí ó ni ín kò bá dúró tì í.

Ohun tí ó ṣeé ṣe

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òfin kò fàyè gba agbanisíṣẹ́ kankan láti sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, NASU àti SSANU da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje ní àwọn yunifásítì ìjọba nítorí owó tí wọn kò san fún wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé yunifásítì kì í ṣe ti ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ṣùgbọ́n agbálẹ̀ kan ṣoṣo ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kò ní ẹni tí yóò bá da iṣẹ́ sílẹ̀. Fún irú rẹ̀, Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ wà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba fún aráàlú àti ilé ìlàjà aráàlú wà, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, Ilé-Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Orílẹ̀-Èdè ni ó ni í.

Àwa ńkọ́? Iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Òfin Iṣẹ́ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí agbẹjọ́rò ń sọ. Ìyá tí ó bi mí pé ta ni yóò ka ìwé fún òun kò béèrè ohun tí ó le. Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá bá kọ àwọn ẹ̀tọ́ márùn-ún tí mo kà lókè sí ojú ìwé kan, ní Yorùbá tí kò lọ́jú pọ̀, tí àwọn olùkọ́ wa bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí agbẹjọ́rò kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ òfin bá fọwọ́ sí i pé ó tọ́, a lè kà á sórí fóònù kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè gbọ́ ọ. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa gbé iṣẹ́ yìí sínú ètò ọdún tí ń bọ̀. Èmi yóò mú un dé Eléko. Kí ẹlòmíràn mú un dé Ajah, dé Ìkòròdú, dé Ìbàdàn.

Ìkádìí

Mo ti sọ pé iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe olùkọ́ ti ju ohun tí wọ́n gbà wọ́n fún lọ, pé òfin fún wọn ní ẹ̀tọ́ tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ rí, àti pé ọ̀rọ̀ ẹbí tí a fi ń bò ó mọ́lẹ̀ kò lè dípò ìwé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tiwa náà ní ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí a tó dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti fún un ní ìwé.